KÍKỌ́ LÍTÍRÉṢỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ PỌ̀ MỌ́ Ẹ̀KỌ́ ÌTÀN NÍ YUNIFÁSÍTÌ
(Àròkọ Alálàyé)

Ìlapa Èrò
(a) Ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ méjèèjì àti ohun tí ó so wọ́n pọ̀
(b) Bí a ṣe ń kọ́ wọn papọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa
(d) Àpẹẹrẹ àwọn tí wọ́n ti kọ́ wọn
(e) Bí ọ̀kan ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́
(ẹ) Ìnira tí ó wà níbẹ̀
(f) Àníyàn àwọn òbí, àti iṣẹ́ tí a lè fi ṣe
(g) Ìmúrasílẹ̀ àti àgbálọgbábọ̀

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí, láti mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú, ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣubú, bí ojú ṣe tì í, àti bí ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ará ilé nígbà tí ó délé, ìyẹn ni iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe fún ọ nínú àròkọ yìí dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ́ méjèèjì papọ̀ ní yunifásítì: ohun tí yóò bá pàdé níbẹ̀, èrè tí yóò jẹ, àti ìnira tí kò ní ṣàì rí.

Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ nípa ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ìbáà jẹ́ òyìnbó ni ó kọ ọ́ tàbí ọmọ Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ìwádìí nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan méjèèjì ń jẹ́. Ní èdè Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtàn, ni a fi ń pe ìtàn Ogun Kírìjì àti ìtàn tí D. O. Fágúnwà fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni a tó máa ń fi kún un pé ti Fágúnwà jẹ́ ìtàn àròsọ. Àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ kò tilẹ̀ yà wọ́n rárá: ẹni tí ó mọ bí àwọn Aláàfin ṣe jẹ tẹ̀lé ara wọn náà ni ó mọ oríkì wọn. Nígbà tí Samuel Johnson ń kọ ìwé rẹ̀ nípa ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, lẹ́nu àwọn arọ́kin yìí ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ nípa ayé àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn baba wa ti tọ̀ ni òun náà ń tọ̀.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ wọn papọ̀? Nígbà tí a dá yunifásítì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di 1962. Láyé ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta pọ̀ fún oyè B.A. Lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì wa ni ó ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dojú kọ ẹ̀kọ́ kan ní pàtàkì, díẹ̀ ni ó sì ń gbà kí a kọ orúkọ méjì sórí ìwé ẹ̀rí kan. Síbẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọ. Èkíní ni kí o wá yunifásítì tí ó gbà kí a so wọ́n pọ̀. Inú ìwé tí àjọ JAMB ń gbé jáde ni wàá ti rí i. Èkejì ni kí o mú ọ̀kan ní ojúlówó ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sì máa yan kọ́ọ̀sì láti inú ẹ̀ka kejì bí òfin yunifásítì bá ti gbà ọ́ láàyè tó. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àwọn olùkọ́, èyí tí àwa ará Ìjẹ̀bú mọ̀ dunjú.

Ní 1960, ìgbìmọ̀ Ashby tí ó yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò sọ fún ìjọba pé àwọn olùkọ́ tí ó yanjú kò tó ní àwọn ilé-ìwé girama. Láti 1962 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga fún àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí NCE sì ti ṣẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sì sáábà máa ń mú láti kọ́ ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn wà lára àwọn tí a máa ń so pọ̀. Ẹni tí ó bá gba NCE tí ó sì yege dáadáa lè ti ibẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì láìbẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan wà tí ó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ di yunifásítì ní ọdún 2005, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbà lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2025. Orúkọ Tai Solarin ni ó ń jẹ́. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ̀ka Ìtàn náà sì wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un bá ọ̀rọ̀ wa mu, nítorí pé Tai Solarin fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀kọ́ méjì ni ó so pọ̀ ní Yunifásítì Manchester: ìtàn àti jọ́gíráfì. Ẹ̀yìn èyí ni ó padà wálé, tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Mólúsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956.

Bí o bá ń wá àpẹẹrẹ ẹni tí ó so Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtàn pọ̀, má ṣe lọ jìnnà. Chinua Achebe wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni a gbà á fún, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ó mú Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ìsìn. Nítorí èyí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹni tí yóò san owó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní owó nílẹ̀ tí ó fẹ́ fi rìnrìn-àjò lọ sílé. Owó yìí ni ó yọ̀ǹda kí àbúrò rẹ̀ lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Achebe gba oyè rẹ̀ ní 1953. Ní Ìbàdàn ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ìwé kan tí Joyce Cary kọ ní 1939, Mister Johnson, nípa akọ̀wé kan ní Nàìjíríà. Òyìnbó yìn ín, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí ara wọn àti àwọn ènìyàn wọn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ lítíréṣọ̀ nìkan lè sọ pé ìwé náà dùn tàbí kò dùn. Ẹni tí ó kọ́ ìtàn pẹ̀lú rẹ̀ ni ó lè bi í pé: ta ni ó kọ ọ́, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe ní ilẹ̀ wa, kí ni ó mọ̀ nípa ilé ẹni tí ó ń ṣàpèjúwe? Things Fall Apart, tí Achebe gbé jáde ní 1958, wà lára èsì tí ó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Wole Soyinka náà wà ní Ìbàdàn láti 1952 sí 1954. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Gíríìkì àti ìtàn àwọn ará Yúróòpù ni ó kọ́ níbẹ̀, kí ó tó kọjá sí Leeds. Bí o bá ka àwọn ìwé rẹ̀, wàá rí i pé ìtàn kò jìnnà sí eré nínú wọn. Aké, tí ó jáde ní 1981, sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe dìde sí owó orí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì yóò rí ohun púpọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n fi hàn ọ́ bí ọ̀kan ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́ gan-an. Mú eré Death and the King's Horseman, tí Soyinka kọ ní 1975. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kan ní Ọ̀yọ́ ní 1946 ni òun gbé e lé, ó sì sọ pé òun yí àkókò rẹ̀ padà sí ìgbà ogun nítorí eré. Òpìtàn tí ó bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò yóò rí i pé òpin ọdún 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945 ni òyìnbó dí Olókùn-ẹṣin lọ́wọ́ láti bá ọba lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yóò ní, "Ọdún kò bára mu." Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ yóò ní, "Kí ni ọdún ṣe nínú eré?" Ẹni tí ó kọ́ méjèèjì ni yóò béèrè ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù: kí ni ó dé tí òǹkọ̀wé fi fẹ́ kí ogun àwọn òyìnbó wà lẹ́yìn eré náà? Bí àwọn òyìnbó bá ń pe ikú ọmọ-ogun wọn ní akin, èéṣe tí wọ́n fi ń pe ikú Ẹlẹ́ṣin ní ìwà ẹhànnà? Ìgbà yìí ni o tó rí i pé yíyí tí ó yí ọdún padà ní ìtumọ̀.

Tún wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti kà ní kíláàsì Yorùbá. Nínú eré náà, ìkà paraku ni Ìyálóde, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níkẹyìn. Nínú ìtàn, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á ní 1874, ọwọ́ Látòósà sì wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lánlé Awẹ́, òpìtàn, kọ nípa obìnrin yìí gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ńlá àti olóyè tí ó lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, tí kò sì fara mọ́ bí Látòósà ṣe ń gbé ogun lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí kò sọ eré náà di irọ́. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wa nípa agbára tí kò ní ìjánu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ìtàn mọ́ eré yóò kú pẹ̀lú èrò pé òun ti mọ Ẹfúnṣetán.

Bí lítíréṣọ̀ ti nílò ìtàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn nílò lítíréṣọ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 1892, àwọn ọmọ-ogun òyìnbó tí Ọ̀gágun Scott kó wá bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Ìbọn Maxim tí ń yọ ọta léraléra wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí oyè. Gómìnà Carter kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣirò, wàá kàn kọ iye ènìyàn àti ọjọ́ sílẹ̀. Bí o bá kà á bí ẹni tí ó kọ́ lítíréṣọ̀, wàá béèrè pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ó dé tí ó fi ń pe títì tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò wọn ní àfojúdi, tí ó sì ń pe ogun tirẹ̀ ní ṣíṣí ọ̀nà? Ohùn ta ni a kò gbọ́ rárá? Ìbéèrè bí irú èyí ni a fi ń mọ òpìtàn gidi yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn há ọdún sórí.

Àpẹẹrẹ kan ṣì wà nílé níhìn-ín. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó ti gbọ́ nípa Bílíkísù Súngbọ́ tí wọ́n ní ó wà yàrà ńlá yí ilẹ̀ wa ká, tí a sì ń fi ibojì rẹ̀ hàn ní Òkè-Èrì. Àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀n wọn Erédò náà rí i pé ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ìtàn ẹnu sọ ohun tí àwọn ènìyàn gbàgbọ́ nípa obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ. Yàrà náà sọ pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ìjọba tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ti gbé ibẹ̀ rí, nítorí ènìyàn díẹ̀ kò lè wa irú rẹ̀. Bí o bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì, ìdajì ọ̀rọ̀ ni o mú.

Mo ti yin ẹ̀kọ́ náà tó. Ó yẹ kí n sọ ìnira rẹ̀ pẹ̀lú. Èkíní, ìwé kíkà pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ lítíréṣọ̀ lè ní ìwé àròsọ kan láti kà tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí olùkọ́ ìtàn náà sì fún un ní orí mẹ́rin nínú ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, kí ó má ṣe dá a láṣà. Èkejì, ọ̀nà tí a gbà ń kọ àròkọ wọn kò bára mu. Nínú lítíréṣọ̀, a fẹ́ kí o di ọ̀rọ̀ inú ìwé mú ṣinṣin, kí o fi hàn bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe yí gbogbo ojú ewé padà. Nínú ìtàn, a fẹ́ kí o kó ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí o wọ̀n wọ́n, kí o sì sọ èyí tí ó tẹ̀wọ̀n jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé àṣà ọ̀kan wọ inú ìdánwò èkejì yóò pàdánù máàkì, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ẹ̀kẹta, ewu wà pé kí o máa lo ìtàn àròsọ bí ẹni pé ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni. Umuofia inú ìwé Achebe kò sí lórí máàpù. Àwọn ìlú Ìgbò tí ó dà bí rẹ̀ ni ó wà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Òótọ́ ni, bí eku náà bá ń sá lọ sí ọ̀nà méjì. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ń sá wọ ihò kan náà, ọdẹ kan lè mú wọn. Ohun tí yóò sọ bóyá wàá pòfo ni bí o ṣe pín àkókò rẹ, kì í ṣe iye ẹ̀kọ́ tí o mú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn àwọn òbí ló tún kù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá lórí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, kí ni ọmọ wa yóò fi ìtàn jẹ?" Kò yẹ kí a bínú sí wọn. Owó tí wọ́n fi òógùn wá ni wọ́n fẹ́ ná, ẹni tí ó sì ń náwó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọjà tí òun ń rà. Ìdáhùn òtítọ́ ni pé kò sí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a kọ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí mọ́ lára, bí a ti kọ orúkọ ìṣègùn mọ́ iṣẹ́ dókítà lára. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ lè ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n yóò ní láti ní ìmọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ ìtẹ̀wé, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè, tàbí iṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba, irú èyí tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ di agbẹjọ́rò lè fi oyè yìí wọ ẹ̀kọ́ òfin, nítorí pé kíka ìwé ní àkàyé àti wíwọn ẹ̀rí ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a tan òbí pé iṣẹ́ ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ó ní láti wá a.

Ìdí mìíràn wà tí orílẹ̀-èdè wa fi nílò irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2009, a yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ lọ́tọ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí a tó pinnu láti dá a padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà láàrin àkókò náà ka Things Fall Apart láìmọ ohun tí òyìnbó wá ṣe ní ilẹ̀ Ìgbò. Nísinsìnyí tí ẹ̀kọ́ ìtàn ti padà, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Olùkọ́ tí ó mọ ìtàn sọ, tí ó sì mọ òtítọ́ inú rẹ̀ wọ̀n, ni a ń wá.

Bí ọkàn rẹ bá fà sí i, ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Rí i pé o yege nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún ó kéré tán, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, kí Ìtàn tàbí Ìmọ̀ Ìjọba sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ka ohun tí yunifásítì tí o fẹ́ ń béèrè kí o tó yan ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí wàá fi ṣe ìdánwò JAMB. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti pàdánù ọdún kan gbáko nítorí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ṣì yàn. Máa ka ìwé àròsọ kan àti ìwé ìtàn kan lórí ọ̀rọ̀ kan náà: bí o bá ka Kurunmi tí Ola Rotimi kọ, wá ohun tí àwọn òpìtàn kọ nípa ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí ìwé tí ó wà lórí wọn kò sí ní ilé ìkàwé kankan.

Ní àgbálọgbábọ̀, lítíréṣọ̀ àti ìtàn dà bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀kọ́ náà gba agbára, kò sì ṣèlérí ọrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ọ yanjú, kò sí ìwé, lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ olóṣèlú tí a ó gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ìdí tí ó fi ń sọ ọ́, àti ohun tí ó fi pamọ́.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Mẹ́nu ba ọ̀nà mẹ́ta tí òǹkọ̀wé sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì papọ̀.
2. Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ fi yé wa nígbà tí ó sọ pé eku méjèèjì ń sá wọ ihò kan náà?
3. Yan eré-onítàn kan tí ó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi. Sọ ohun méjì tí ó bá ìtàn mu nínú rẹ̀ àti ohun kan tí kò bá a mu.
4. Kọ àròkọ alálàyé tí kò dín ní 300 ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: (a) Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, (b) Ìwúlò ẹ̀kọ́ ìtàn fún ọmọ Yorùbá.